Ìlà Tó Wọ́ Lójú Ọ̀gá Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọkùnrin yìí ṣe máa ń wọ ọ́fíìsì, nítorí ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń wọlé kò ní gbádùn bó ṣe jáde.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, awakọ̀ rẹ̀ á fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́nu géètì. Ní fèrè kìíní, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Ní ìkejì, wọ́n á tò láti ẹnu géètì dé ìdí àtẹ̀gùn. Ní ìkẹta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò tíì sí ohun tó pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Akọ̀wé á ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, á gba báàgì, á gba ìwé ìròyìn, á gba gíláàsì ojú. Ara Ọ̀gá Àgbà nìkan ló máa kù tí yóò fúnra rẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀, ìyẹn náà jẹ́ nítorí pé wọn ò tíì ronú kan ọ̀nà tí wọ́n lè gbà bá a gbé e.

Oyè rẹ̀ gùn débi pé wọ́n ní láti fi pátákó méjì kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìlera Ojú, fún Ìríran, àti fún Gbogbo Ohun Tí Ojú Ń Rí. Àwa á máa pè é ní Ọ̀gá Àgbà, kí ìwé má baà tán mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó ti jókòó sórí àga yẹn fún ọdún mọ́kànlá, ó sì gbà pé ìdí àga ni ọgbọ́n máa ń gbà wọlé.

Òfin méjì ló wà ní ọ́fíìsì náà tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Èkíní ni pé Ọ̀gá Àgbà kì í ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ka lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì, kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bó bá sì ti sọ pé Ọjọ́bọ̀ lòní, kí Ọjọ́rú lọ wá ibi jókòó sí. "Ẹni tó bá ń tún nǹkan ṣe," ló máa ń wí, "àkọ́kọ́ rẹ̀ ni kò dáa." Lọ́jọ́ kan, ó de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí òdì, kọ́là ga lápá kan, ó rẹlẹ̀ lápá kejì. Kò tún un dè. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá ẹ̀ka méje nínú àwọn mẹ́jọ ti yọ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti lọ de tiwọn náà ní òdì.

Èkejì ni pé ìwé yòówù tí Ọ̀gá Àgbà bá fọwọ́ sí, àwọn ọ̀gá ẹ̀ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ kọ "Mo rí i bẹ́ẹ̀" sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, Akọ̀wé lọ ṣe òǹtẹ̀ mẹ́jọ fún wọn. Akọ̀wé yìí jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí orí rẹ̀ ti mọ "bẹ́ẹ̀ ni" í mì tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń mì ín lójú oorun. Láti ìgbà tí òǹtẹ̀ ti dé, ìró tí ẹ ó máa gbọ́ ní ilé náà láti àárọ̀ dalẹ́ ni gbà, gbà, gbà.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àṣẹ wá láti òkè pé kí wọ́n máa yẹ ojú àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún wò. Àìsàn kan wà tó máa ń bá ojú àgbà jà. Kì í dunni, kì í sọ ojú di pupa, kì í mú omi jáde. Àárín gbùngbùn ẹ̀yìn ojú ló máa ń jẹ, ibi tí a fi ń kàwé, tí a fi ń dá ojú ọmọ wa mọ̀ láàárín èrò. Bí ojú kan bá ń lọ, èkejì á máa bò ó láṣìírí, ẹni tó ni ojú ò sì ní fura. Ohun tó ń tú u fó kò ju abala ìwé kan lọ. Ìlà òòró àti ìlà ìbú ló wà lórí rẹ̀, tí wọ́n gba ara wọn kọjá bí àwọ̀n, pẹ̀lú àmì dúdú kékeré kan láàárín. Wàá bo ojú kan, wàá fi èkejì wo àmì yẹn, lẹ́yìn náà wàá pààrọ̀ ojú. Bí ìlà bá tọ́, máa dúpẹ́. Bí ìlà bá wọ́, tàbí tí ibì kan pòórá, tètè wá dókítà lọ.

Nọ́ọ̀sì ló gbé ìwé náà wọlé tọ Ọ̀gá Àgbà lọ. Obìnrin tó ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ní yàrá àyẹ̀wò ojú ni. Kì í rẹ́rìn-ín ní fèrè ìkẹta, ìyẹn ló mú kí wọ́n máa rò pé etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ìwé àyẹ̀wò tí atẹ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá rèé. Ẹ kàn bá wa fọwọ́ sí i, ká lè tẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì tó kù."

"Kí n kàn fọwọ́ sí i?" Ọ̀gá Àgbà wọ gíláàsì ìkàwé rẹ̀. "Ìwọ Nọ́ọ̀sì, ṣé irú wa ló ń fọwọ́ sí ohun tí a ò yẹ̀ wò? Ṣé o mọ̀ pé ojú yìí ni ìjọba fi ń ríran?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yẹn.

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bo ojú ọ̀tún, ó fi ojú òsì wo àmì dúdú náà. Láàárín ìwé, àwọn ìlà ti wú síta, wọ́n rí kọ́lọkọ̀lọ bí àwọ̀n tí ẹja ńlá forí sọ. Àmì dúdú náà ń ṣe bàìbàì.

"Ìranù wo rèé? Ta ló fa ìlà yìí? Ọ̀mùtí ni?"

Àyà Nọ́ọ̀sì já. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kì í ṣeré. "Sà, ìlà náà tọ́ o."

"Mo ní ó wọ́!"

"Ojú òsì yín ló ti wọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo òsì, kẹ́ ẹ fi ọ̀tún tún un wò."

"Èmi? Kí n tún un wò?"

Nọ́ọ̀sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Bí ìlà bá wọ́ báyìí, ìwé kọ́ ló ń sọ̀rọ̀, ojú ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ló yẹ kí dókítà rí yín. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń jò lẹ́yìn ojú, abẹ́rẹ́ wà tó lè dá a dúró. Àmọ́ èyí tó bá ti lọ kì í padà wá. Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀sẹ̀ kankan ṣòfò."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀gá Àgbà lára fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà ó rántí ẹni tí òun jẹ́. "Akọ̀wé!"

Akọ̀wé, tó ti fi etí lélẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀, já wọlé. Ó gba ìwé, ó wò ó. Ìlà tọ́ lójú rẹ̀ gbọnrangandan. Ó wá wo ojú ọ̀gá rẹ̀.

"Háà! Sà! Ó wọ́! Ó wọ́ débi pé ọrùn ti ń dùn mí!"

Wọ́n pe àwọn ọ̀gá ẹ̀ka. Ọ̀kan ní ìwọ́kúwọ̀ọ́ ìlà náà ń jẹ́ kí òòyì kọ́ òun. Ọ̀kan bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní àga. Gbà, gbà, gbà, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ: Mo rí i bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé mìíràn ti jáde: "Nítorí pé Nọ́ọ̀sì fẹ̀sùn kan ojú tí ìjọba fi ń ríran, kí ó kó lọ sí yàrá fáìlì, níbi tí kò ti ní rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́." Òǹtẹ̀ mẹ́jọ ló wà lábẹ́ ìyẹn náà.

Nọ́ọ̀sì kò jà. Ó ká ìwé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn, ó fi í sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá fáìlì.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ sí atẹ̀wé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tàdáwà ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀. Ó gbé rúlà lé orí ìwé. "Ẹ wò ó, sà. Ìlà àti rúlà bára mu."

Ọ̀gá Àgbà bo ojú ọ̀tún, ó fi òsì wò ó. Rúlà náà tẹ̀ lójú rẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Rúlà rẹ náà wọ́," ló wí.

"Wọ́n ti ń ta rúlà wíwọ́ nígboro!" ni Akọ̀wé kígbe. "Ayé mà ti bàjẹ́ o!" Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ó pàṣẹ pé kí wọ́n gba gbogbo rúlà ilé iṣẹ́ náà, kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé.

Báyìí ni àtúnṣe bẹ̀rẹ̀. Atẹ̀wé gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì ọ̀gá. "Fà á sí òsì díẹ̀. Ó pọ̀ jù. Tẹ àárín yẹn wọlé. Gbé èyí sókè." Ìlà tó tọ́ ni wọ́n ń tẹ̀, kó lè bá ojú tó ń wọ́ mu. Ẹ̀dà mẹ́jọ ni Ọ̀gá Àgbà kọ̀. Ẹ kíyè sí i pé atẹ̀wé ló ń tún un ṣe, kì í ṣe òun. Nígbà tí ẹ̀dà kẹsàn-án jáde, ó wú lápá kan, ó wọnú lápá kejì, ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá ò lè wò ó pẹ́. Ọ̀gá Àgbà bo ojú ọ̀tún, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Báyìí ni ìlà ṣe ń rí!"

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi wọ́n léèrè: bó bá jẹ́ pé lójú àgbà yẹn nìkan ni orí ọmọ ti wọ́ ńkọ́? Ta ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó tún orí náà ṣe?

Atẹ̀wé ní ọmọ méjì nílé ẹ̀kọ́, kò sì wá jà. Ó kàn fọgbọ́n béèrè ohun kan. "Sà, ṣé kí n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ tún un ṣe, kí ìtàn lè mọ̀?"

"Kọ ọ́ gàdàgbà!"

Ó kọ ọ́ gàdàgbà: Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ló tún ìlà yìí ṣe. Ó tẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Nílé, ìyàwó Ọ̀gá Àgbà ṣàkíyèsí pé bí ọkọ òun bá ń bu omi, ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù lomi ń lọ.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà ojú."

"Èmi ni mò ń gba dókítà ojú síṣẹ́. Ṣé kí n lọ jókòó síwájú ẹni tí mo gbà síṣẹ́, kó ní kí n bo ojú?"

"Ẹ bò ó, kí ló wà níbẹ̀? Èmi náà bo tèmi lóṣù tó kọjá."

Ó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí, ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún wò. Etí rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, irun rẹ̀ wà níbẹ̀. Imú àti ẹnu rẹ̀ ni kò sí, èéfín ló wà níbi tí wọ́n yẹ kó wà. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi. Ó rántí ohùn Nọ́ọ̀sì: ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀sẹ̀ kankan ṣòfò. Bó bá lọ sọ́dọ̀ dókítà, á jẹ́ pé ìlà àkọ́kọ́ tọ́, á jẹ́ pé Nọ́ọ̀sì tọ́, á jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ìwé di ìdọ̀tí. Ó yọ ọwọ́ lójú, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ tán, ó lọ síbi iṣẹ́. Fèrè dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ dé. Gbọ̀ngàn kún fún ọ̀ọ́dúnrún àgbàlagbà, ìwé lọ́wọ́ oníkálukú. Mínísítà wà níbẹ̀, obìnrin kan tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn, àánú rẹ̀ sì ṣe mí lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀yin àgbàlagbà wa!" ni Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀. "Kí n tó gorí àga yìí, kí ni wọ́n ń pè ní ojú? Ó kàn wà lórí lásán ni, bí bọ́tìnnì tí kò ní ihò! Èmi ni mo fún ojú ní ilé! Èmi ni mo fún un ní pátákó! Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìlà wíwọ́ tan yín jẹ, ojú mélòó ló rí i? Ojú kan! Ojú wo? Ojú yìí!"

Akọ̀wé ti ń pàtẹ́wọ́ kí gbólóhùn tó parí. Wákàtí kan kọjá kí wọ́n tó ní kí àwọn àgbà bo ojú kan, kí wọ́n wo àmì dúdú.

Ìyá kan wá sọ pé, "Yéè. Tèmi wọ́ o."

"Tèmi náà wọ́!"

"Ojú méjèèjì! Ojú mi méjèèjì ló wọ́!"

Ariwo sọ. Ìyá àkọ́kọ́ bú sẹ́kún pé òun ti fọ́jú, pé òun ò tíì rí ojú ọmọ-ọmọ òun tó ń bọ̀. Àwọn mìíràn ń bi ara wọn ní ọ̀nà ilé ìwòsàn. Láàárín wọn, bàbá arúgbó kan dìde. Káfíńtà ni kó tó fẹ̀yìn tì, rúlà irin kékeré kò sì kúrò nínú àpò rẹ̀ láti ọdún yìí wá. Ó tẹ́ ìwé sórí àga, ó gbé rúlà lé e.

"Ẹ dákẹ́ ẹkún, ìyá. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi fa ìlà jẹun. Ojú yín ò ṣe nǹkan kan. Ìwé yìí ló wọ́."

Mínísítà náà bo ojú, ó wò ó, ó pààrọ̀ ojú, ó tún un wò. Ó yíjú sí Ọ̀gá Àgbà. "Báwo ló ṣe rí lójú tiyín?"

Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó. Ọ̀gá Àgbà bo ojú ọ̀tún. Èéfín wà láàárín ìwé, èéfín inú dígí ilé rẹ̀ yẹn náà. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà tó yí i ká tọ́, bí wọ́n ṣe tọ́ lọ́jọ́ tí ó fọwọ́ sí i. Ó lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ ṣí. Ọdún mọ́kànlá ló bá a sọ̀rọ̀ jáde.

"Ó tọ́ gbọnrangandan!"

"Akọ̀wé ńkọ́?" ni Mínísítà béèrè.

Akọ̀wé wo ọ̀gá rẹ̀. Ó wo Mínísítà. Ẹ ò bá rí bó ṣe ń fi ojú wọn àga méjèèjì, èwo ló ga jù. "Ó wọ́, mà. Mo rí i bí ẹ̀yin gan-an ṣe rí i." Àwọn ọ̀gá ẹ̀ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ náà fò dìde: ó wọ́, ó wọ́, àwọn ti mọ̀ tipẹ́.

Mínísítà ka ohun tó wà nísàlẹ̀ ìwé sókè, ketekete: "Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ló tún ìlà yìí ṣe." Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, lẹ́yìn náà gbogbo gbọ̀ngàn. Lọ́jọ́ yìí, ẹ̀rín náà ní ìdí.

Ẹni méjì péré ni kò rẹ́rìn-ín. Káfíńtà mi orí. "Nínú gbogbo wa," ló wí, "ẹni tí ìwé yìí tọ́ lójú rẹ̀ nìkan ni ojú ń dùn." Ẹnì kejì ni Nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ní kó wá bá wọn ru páálí ìwé láti yàrá fáìlì. Ó gba àárín èrò kọjá, ó yọ ìwé àkọ́kọ́ yẹn nínú àpò rẹ̀, ó dúró ti Ọ̀gá Àgbà.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sọ́dọ̀ dókítà, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti lọ."

Ọ̀gá Àgbà tẹ̀ lé e. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ọdún mọ́kànlá, òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì rẹ̀.

Ìwé ìyọnilóyè dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mínísítà ní kí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka sọ èrò wọn lórí rẹ̀. Ẹ mọ ìró tó tẹ̀ lé e. Gbà, gbà, gbà, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ.

Dókítà ojú kò fọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un. Àárín ojú òsì ti lọ, kò ní padà. Abẹ́rẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kù là, ibi tó mọ nìyẹn. Àìsàn náà sì lè bọ́ sí ojú ọ̀tún nígbàkúùgbà. Ọkùnrin náà sunkún nínú ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sọ pé "ṣebí mo wí".

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹ wá wò ó lórí bẹ́ǹṣì gígùn, níwájú yàrá àyẹ̀wò. Nọ́ńbà kọkànlélógójì ni tiẹ̀. Káfíńtà ló ni ogójì. Kò sí fèrè, kò sí ẹni tó dìde. Wọ́n ti dá Nọ́ọ̀sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀; nígbà tó kan nọ́ńbà rẹ̀, ó gbé ìwé àkọ́kọ́ yẹn lé e lọ́wọ́, àmì ìká ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹ bo òsì, sà. Ẹ fi ọ̀tún wo àmì."

Ó bo òsì. Ó wò ó.

"Ó tọ́," ló wí.

Nọ́ọ̀sì gbé bírò láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò tíì gbé ìwé kalẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ó tọ́ lóòótọ́ ni, tàbí òun ló fẹ́ kó tọ́.

"Nọ́ọ̀sì."

"Sà?"

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un wò."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò kalẹ̀. Ọkùnrin náà tún un wò, ó pẹ́ lórí rẹ̀, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń kùn pé kó ṣe kíá.

"Ìlà kan wà níbí," ló wí, ìka rẹ̀ lórí ìwé. "Lápá òsì àmì yẹn. Ó tẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni, àmọ́ ó tẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn, kò sì pe ẹnikẹ́ni wá bá a rí i. Ó dìde, ó dì í lápá mú, ó sì mú un kọjá níwájú gbogbo èrò lọ bá dókítà ní wákàtí yẹn gan-an. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ wọ ojú ọ̀tún kí ọjọ́ náà tó parí. Ojú yẹn ló fi ń rí ìyàwó rẹ̀ títí di òní, imú àti ẹnu rẹ̀ pé, bó ṣe ń bu omi fún un sínú kọ́ọ̀bù.